Páálí kásẹ́ẹ̀tì àti síídì fíìmù Màmá wa: ká dà á nù ni, àbí ká tọ́jú rẹ̀?

ỌmọAbẹ́òkúta

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, kẹ́ ẹ bá mi dá sí i.

A fẹ́ kun ilé Màmá wa ní Abẹ́òkúta, la bá ń kó ẹrù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Páálí mẹ́ta la bá níbẹ̀. Páálí kan àti ààbọ̀ jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì fídíò, àwọn ńlá dúdú ayé ìgbà yẹn. Síídì fíìmù ni ìyókù. Mo kà wọ́n: kásẹ́ẹ̀tì 54, síídì 210. Fíìmù Yorùbá ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Ìsọ̀ aṣọ ni Màmá ní nígbà náà, ní Ìtòkú. Tí wọ́n bá ti tajà tán lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á ya ọ̀dọ̀ oní-fíìmù kí wọ́n tó wálé, nígbà tó bá sì fi máa di alẹ́, àdúgbò á ti kún pálọ̀ wa.

Àbúrò mi ọkùnrin ní ká sun ún. Ó ní kò sí èyí tí kò sí lórí YouTube, àti pé ẹ̀rọ tó máa gbé e gan-an ti kú. Òótọ́ ni, ẹ̀rọ fídíò wa ti kú tipẹ́, ti síídì náà ò ka nǹkan kan mọ́. Àmọ́ nígbà tó dalẹ́, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí YouTube. Nínú 20 tí mo kọ́kọ́ wá, 12 ni mo rí. Nínú 12 yẹn, méjì jẹ́ apá kejì nìkan, apá kìíní ò sí níbì kankan. Ọ̀kan tún wà tí ẹni tó gbé e síbẹ̀ ti pa ohùn mọ́ ọn lẹ́nu níbi tí orin ti wọlé: àwọn òṣèré ń jó, ẹnu wọn ń lọ, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Kí ni kí n ṣe? Mi ò mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Màmá ò tíì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n ti gbé àga wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí náà.

OníDátà

Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí. Ẹ má bínú, mo fara mọ́ àbúrò yín díẹ̀. Yàrá kan ni mò ń gbé n'Ìbàdàn, níbo ni mo fẹ́ kó igba síídì sí? Fóònù mi ti tó mi wo fíìmù. Ẹ sì jẹ́ ká sọ òótọ́: nígbà síídì, àwọn tó ń dà á kọ ló jèrè jù. Ṣé ẹ rántí àwọn díísìkì tí wọ́n máa ń kó fíìmù 20 sí, tí wọ́n ń tà lójú títì? Kọ́bọ̀ ibẹ̀ ò dé ọwọ́ ẹni tó ṣe fíìmù. Lónìí, òṣèré á gbé fíìmù rẹ̀ sórí YouTube fúnra rẹ̀, owó á máa wọlé fún un bí wọ́n ṣe ń wò ó láti Lọ́ńdọ̀nù dé Amẹ́ríkà. Ìyẹn ò kéré.

Tẹ́lẹ̀Ìdúmọ̀tà

Ohun tí OníDátà sọ nípa àwọn adàkọ-jalè, òótọ́ ni, ojú mi ló ṣe. Ìdúmọ̀tà, ọjà fíìmù l'Ékòó, ni mo ti kọ́ṣẹ́ láti 1996, ní ìsọ̀ mákẹ́tà kan, ìyẹn ẹni tó ń gbé fíìmù jáde fún títà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí ibi tá a ti ń bọ̀. Nígbà tí àwọn àgbà wa ń fi sẹ́lúlọ́ìdì, ìyẹn fíìmù oní-róòlù ti sinimá, ṣe fíìmù, kò sí aráàlú tó ní fíìmù nílé. Ogúndé, Bàbá Sàlá, àwọn fúnra wọn ló ń gbé róòlù fíìmù sínú mọ́tò láti ìlú dé ìlú. Wọ́n á háyà gbọ̀ngàn, ẹ ó sanwó, ẹ ó wò ó, wọ́n á sì gbé e lọ. Wọn ò jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹ sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá Sàlá: Ọ̀run Móoru tí wọ́n ṣe ní 1982, àwọn kan dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á káàkiri, bàbá ò sì rí owó wọn kó padà.

Ìgbà tí fídíò dé, ní ìparí àwọn ọdún 1980, ni ìyá aláta náà tó lè na ọwọ́ sí orí tẹlifíṣọ̀n kó ní "fíìmù mi rèé." Lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì ni síídì. Lẹ́yìn síídì, kò sí nǹkan tá à ń gbé lọ́wọ́ mọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣírò rẹ̀, ọdún tí ọmọ Yorùbá fi ní fíìmù nílé ò ju bí 25 lọ. Ohun tó kù nínú ọdún yẹn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bíi ti Màmá yín ló wà.

Ẹ má sì rò pé ẹni tó ni fíìmù ṣì ní ojúlówó rẹ̀ lọ́wọ́. Òkè àjà, lábẹ́ páànù, la máa ń to kásẹ́ẹ̀tì ìpilẹ̀ sí ní ìsọ̀ wa. Tẹ́ ẹ bá gun ibẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ̀mí yín á fẹ́ bọ́ fún ooru. Nígbà tí owó ń wọ́n, a máa ń gba fíìmù tuntun sórí ti àtijọ́, torí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo gbówó lórí. Èmi náà ṣe é, ó sì ń dùn mí títí dòní. Ní 2019, ẹnìkan tó ṣe fíìmù tó tà gan-an lọ́dọ̀ wa pè mí pé òun ò ní ẹ̀dà kankan lọ́wọ́. A wá a tì. Ibi tá a ti rí i ni inú àpótí obìnrin kan l'Óṣogbo, síídì A àti B, tó fi láìlọ́ọ̀nù dì. Inú síídì obìnrin yẹn ni wọ́n ti mú èyí tí ẹ̀ ń wò lórí YouTube lónìí.

Ẹ wò ó, ẹ má sun nǹkan kan.

ÌyáÌbejì_Peckham

Àǹtí, ẹ má dà á nù o, mo bẹ̀ yín.

Èmi ti rí ti "rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì." Mo ra fíìmù mẹ́sàn-án fún àwọn ìbejì mi ní ilé ìtajà kan lórí ayélujára, mo sanwó, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà pé mo ti rà á. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ ní àwọn ò rí mẹ́ta mọ́. Mo kọ̀wé sí wọn. Èsì wọn ni pé àdéhùn àwọn pẹ̀lú àwọn tó ni fíìmù ti parí. Owó mi ńkọ́? Wọn ò mẹ́nu bà á. Nígbà yẹn ló yé mi pé mi ò ra nǹkan kan, wọ́n kàn jẹ́ kí n máa wò ó ni.

Kì í ṣe èmi nìkan. Ní California, òfin kan ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù kìíní 2025: ilé ìtajà tó bá fẹ́ kọ "rà á" sára fíìmù orí ayélujára gbọ́dọ̀ jẹ́ kó yé oníbàárà pé àyè láti wò ó ló ń rà. UltraViolet, tí àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ńlá fúnra wọn dá sílẹ̀ fún ìpamọ́ fíìmù táwọn èèyàn rà, wọ́n tì í pa ní oṣù keje 2019. Netflix tó jẹ́ pé díísìkì ló fi bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹsàn-án 2023 ló fi díísìkì tó kẹ́yìn ránṣẹ́. Ẹ sì rántí Amazon Prime Video: wọ́n wá sí Nàìjíríà, inú gbogbo wa dùn, nígbà tó di oṣù kìíní 2024 wọ́n ní àwọn ò ní fowó sí fíìmù tuntun mọ́ ní Áfíríkà. Oníṣòwò ni wọ́n, tí kò bá wọlé fún wọn, wọ́n á palẹ̀ mọ́.

Síídì tí mo rà ní Rye Lane nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n ṣì wà lórí pẹpẹ mi. Òun làwọn ìbejì fi gbọ́ Yorùbá. Àwọn tó ń kọ́ni ní Yorùbá níbí pàápàá ń wá yá a.

Atẹ́rọṣe

Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe máa ń ṣe é.

Kásẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, ẹ fi síídì sílẹ̀ ná. Kásẹ́ẹ̀tì ń bàjẹ́ lọ lójoojúmọ́, ẹ̀rọ tó ń gbé e náà ti ń tán lọ. Funai ti ilẹ̀ Japan, ilé iṣẹ́ tó kẹ́yìn tó ń ṣe ẹ̀rọ fídíò VHS, dáwọ́ dúró ní oṣù keje 2016. Àlòkù la ó máa tún ṣe kiri báyìí.

Ẹ gbé kọ̀ọ̀kan sí ìmọ́lẹ̀, ẹ wo inú rẹ̀ láti ojú gíláàsì kékeré ara rẹ̀. Tí téèpù bá dúdú tó ń dán, ó dáa. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun tó hù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí èyí tó máa ń hù sára búrẹ́dì tó ti pẹ́, ẹ yà á sọ́tọ̀. Kò gbọ̀dọ̀ wọnú ẹ̀rọ kankan. Ẹ̀rọ tó bá gbé ọ̀kan báyìí, á kó o ran gbogbo èyí tó bá tún gbé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má fi imú fà á, ẹ má sì sá a sóòrùn.

Èyí tó bá mọ́, kẹ́ ẹ tó wò ó, ẹ yí i síwájú dé òpin, kẹ́ ẹ tún yí i padà. Téèpù tó ti wà lójú kan láti ogún ọdún máa ń lẹ̀ mọ́ra. Orí ẹ̀rọ náà, ìyẹn ìlù kékeré tó ń dán tó ń yí nínú rẹ̀, ẹ fi ọtí isopropyl rin pépà tó mọ́, ẹ fi kàn án jẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ kejì yí ìlù. Ẹ má fi pépà lọ sókè sódò. Ẹ má lo òwú tí a fi ń nu etí, fọ́nrán rẹ̀ á há, orí á ṣẹ́.

Wáyà ẹ̀yìn ẹ̀rọ: yẹ́lò ni àwòrán, funfun àti pupa ni ohùn. Ẹ máa nílò nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń pè ní capture. Àwọn wáyà yìí á wọ ìdí kan, ìdí kejì á wọ USB lápútọ́ọ̀pù. Ẹ fi OBS, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń gba fídíò sílẹ̀, gbà á, ọ̀fẹ́ ni. Kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀ o: kásẹ́ẹ̀tì wákàtí mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta ni. Ẹ ṣe é nígbà tí iná bá dúró dáadáa.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Ẹ yí ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì síra yín. Ibì kan wà níbẹ̀ lápá òsì tí wọ́n máa ń ṣẹ́ kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn sórí rẹ̀. Fíìmù tí a rà lọ́jà, ihò ló máa ń wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí sẹ́lótéèpù tàbí bébà tí wọ́n fi dí ihò náà, ẹnìkan nínú ilé yín ti gba nǹkan sórí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo irú èyí dé ìdí. Téèpù tí wọ́n kọ E-180 sí lára gba wákàtí mẹ́ta, fíìmù lè parí ní wákàtí kan àbọ̀ kí nǹkan mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀.

ỌmọAbẹ́òkúta

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti wo gbogbo wọn. Mẹ́fà ní sẹ́lótéèpù. Ọ̀kan nínú wọn, Bàbá wa, olóògbé, fi báírò pupa kọ ọ́ sí i lára: "ẸNIKẸ́NI MÁ FỌWỌ́ KAN ÈYÍ." Ọwọ́ ìkọ̀wé wọn ni, mo mọ̀ ọ́n. Mi ò ní ẹ̀rọ ni o.

Atẹ́rọṣe

Ẹ má ra ẹ̀rọ láìdán an wò. Ẹ mú kásẹ́ẹ̀tì kan dání lọ, èyí tí kò ní dùn yín tí ẹ̀rọ bá jẹ ẹ́. Tó bá gbé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àwòrán ò fà ya lókè, tó yí i síwájú sẹ́yìn láìpariwo, ẹ san owó rẹ̀. Èyí tí Bàbá kọ nǹkan sí, ẹ fi ṣe ìkẹyìn, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti mọ́ yín lọ́wọ́.

BàbáHouston

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí ará yín lókè òkun, ẹ dúró ná. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń gbé àwòrán yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀: PAL ni ti Nàìjíríà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NTSC ni ti Amẹ́ríkà. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì 11 wá láti Ìjẹ̀bú ní 2003. Mo fi sínú ẹ̀rọ níbí, àwòrán ń yí gbirigbiri, kò sí àwọ̀ lára rẹ̀. Mo gbà pé ó ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà, mo da mẹ́rin nù kí ẹnìkan tó là mí lọ́yẹ. Mo ṣì mọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mi ò tíì rí ìkankan níbòmíì.

DVD náà ní nọ́ńbà agbègbè tí wọ́n ti lè wò ó: 1 ni Amẹ́ríkà, 2 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 5 ni Nàìjíríà. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń ka gbogbo rẹ̀. Síídì VCD, irú síídì fíìmù tí à ń sọ yìí, kò ní wàhálà nọ́ńbà yẹn.

ỌmọSíídì

Ẹ jẹ́ kí n mú ti síídì. Síídì kan ò gbà ju ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ, ìdí rèé tí fíìmù kan fi máa ń wà lórí díísìkì méjì. Ẹ má jẹ́ kí A àti B pínyà. Ẹ̀rọ síídì tó ń wọ USB lẹ nílò. Tẹ́ ẹ bá ṣí díísìkì, ẹ ó rí fódà MPEGAV. Inú rẹ̀ ni AVSEQ01.DAT wà. Fíìmù náà nìyẹn. Ẹ dà á kọ sínú lápútọ́ọ̀pù, VLC, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wo fídíò, á gbé e.

Tó bá há, ẹ fi omi àti ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ ṣan án, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti àárín jáde sí etí, tààrà. Ẹ má nù ún yípo. Ẹ jìnnà sí ọṣẹ ìfọyín, ó ń ha á ni. Ojú tó ń dán kọ́ ló lẹ́gẹ́ jù lára síídì, ojú tí wọ́n ya àwòrán sí ni, torí abẹ́ àwòrán yẹn gan-an ni fíìmù wà. Ẹ má fi báírò kọ nǹkan sí i. Ẹ gbé e sókè sí iná gílóòbù: tí ìmọ́lẹ̀ bá yọ ní wíńńí-wíńńí, ibẹ̀ ti bó, ohun tó wà níbẹ̀ ti lọ.

OníDátà

Ọ̀rọ̀ síídì obìnrin Òṣogbo yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Àǹtí, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, ẹ má sun ún.

Ohun tí mo mọ̀ ni ibi ìpamọ́. Síídì kan ò ju nǹkan bí 800MB, 210 ò tó 180GB. Kásẹ́ẹ̀tì, ẹ fi 2GB sí wákàtí kan, ẹ ṣírò wákàtí méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 54 á tó 216GB. Háàdì 1TB kan, ìyẹn àpótí ìpamọ́ tó ń wọ USB, gbà á, àyè á tún ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ẹ má ra ẹyọ kan. Ẹ̀dà mẹ́ta ni ká ní, kí oríṣi ìpamọ́ jẹ́ méjì, kí ẹ̀dà kan wà ní ilé mìíràn, torí olè, iná àti àgbàrá kì í béèrè ilé ta ni. Tẹ́ ẹ bá ń to háàdì náà (format), exFAT ni kẹ́ ẹ yàn, FAT32 ò gba fáìlì tó bá ju 4GB lọ. Ẹ má sì ra fìlásì pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ 1TB sí lára. Irọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, á máa gbà á títí, tẹ́ ẹ bá padà wá, ẹ ò ní bá nǹkan kan. H2testw, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dán ìpamọ́ wò, á fi òótọ́ hàn yín kẹ́ ẹ tó fi nǹkan sí i.

Ẹ ya fọ́tò jákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, iwájú àtẹ̀yìn. Orúkọ àwọn tó ṣe é, ibẹ̀ nìkan ló máa ń wà nígbà míì.

Ọ̀dọ́Adó

Ṣé kí àǹtí wá gbé àwọn tí ò sí lórí YouTube síbẹ̀?

Tẹ́lẹ̀Ìdúmọ̀tà

Rárá o. Ká fi pamọ́ fún ara wa yàtọ̀ sí ká gbé òógùn ẹlòmíì síta. Ohun tó pa Bàbá Sàlá lára nìyẹn. YouTube fúnra rẹ̀, tí ẹni tó ni fíìmù bá fẹ̀sùn kàn yín lẹ́ẹ̀mẹta láàárín 90 ọjọ́, wọ́n á ti ojú ìwé yín pa pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀.

Ẹni tó ni ín ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ wo ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà fóònù wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti kú, ẹ pè é náà. Tí kò bá lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ TAMPAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré, wọ́n á mọ ẹni tàbí ọmọ rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ní ẹ̀dà tó mọ́. Ẹ fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí mi, àǹtí, àwọn tí mo bá mọ̀, màá bá yín pè.

ỌmọAbẹ́òkúta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ, mo ní kí n wá jíṣẹ́.

Mo rí ẹ̀rọ rà n'Íjẹ̀bú. Kásẹ́ẹ̀tì 11 ti wọ háàdì, síídì 60. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ti hu funfun, mo ti dì wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú àwọn mẹ́jọ tí mi ò rí lórí YouTube yẹn, mo ti gba mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn, Tẹ́lẹ̀Ìdúmọ̀tà ti bá mi rí ọmọ ẹni tó ṣe é. Tiwọn ti bá iná lọ, ẹ̀dà tiwa ni wọ́n máa wá dà kọ.

Mi ò lè fi ti Bàbá ṣe ìkẹyìn bí ẹ ṣe wí, Màmá ń béèrè rẹ̀ lójoojúmọ́. Fíìmù náà parí, ojú tẹlifíṣọ̀n funfun, ó ń hó ṣàà. Mo fẹ́ pa á, Màmá ní kí n fi sílẹ̀. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìsọ̀ Ìtòkú ló yọ, ọjọ́ tí wọ́n ṣí i. Ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, 14.11.98. Ìyá Màmá, tó jẹ́ pé inú fọ́tò nìkan ni mo ti mọ̀ wọ́n, jókòó síwájú òkìtì àdìrẹ, wọ́n ń wé gèlè, wọ́n sì ń bá ẹni tó gbé kámẹ́rà wí: "Ṣé o ò rí i pé mi ò tíì múra tán ni?" Ohùn Bàbá ló dáhùn lẹ́yìn kámẹ́rà: "Ẹ má bínú, Màámi."

Màmá ní kí n dá a padà. Mo dá a padà. Wọ́n ní kí n tún dá a padà. Lẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn tó dúró lẹ́yìn, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àbúrò mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, òun ló lọ ra háàdì kejì.

Atẹ́rọṣe, mo ní ìbéèrè kan: nínú àwọn mẹ́rin tó hu yẹn, ọ̀kan ní sẹ́lótéèpù lẹ́yìn. Ṣé ẹ lè bá mi gbà á wò?

Atẹ́rọṣe

Ẹ mú un wá. Ẹ fi bébà wé e, ẹ gbé e dúró bí ìwé orí pẹpẹ, ẹ má tẹ́ ẹ. Ẹ má fi sí bọ́ọ̀tù ọkọ̀ lọ́sàn-án. Ọwọ́ ni màá fi ṣí i, màá nu téèpù náà díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó lè gbà mí ní ọjọ́ méjì. Ẹ má yí i wò kí ẹ tó gbé e wá o.